Prósẹ́sọ̀ mi kì í sinmi rárá: ṣé mọ́dàbọ́ọ̀dù ni kò gbà fún un ni?

Ìjàpá64

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Mo to kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fúnra mi. Mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó sí) tó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́ ni mo lò, AM2+ sì ni socket rẹ̀, ìyẹn ojúhò tí prósẹ́sọ̀ ń wọ̀. Prósẹ́sọ̀ AMD Athlon 64 X2 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi Phenom II X4 965 rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àmọ́ kọ̀ǹpútà yìí kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ tán. Fáànù rẹ̀ ń hó tọ̀sán tòru. Bí mo bá ṣí CPU-Z, ètò tó ń fi eré àti fọ́ltéèjì prósẹ́sọ̀ hàn, tí mo sì ká ọwọ́ mi gbera tí mi ò ṣe nǹkan kan, 3.4 GHz náà ló máa wà, fọ́ltéèjì rẹ̀ kò ní kúrò ní 1.4.

Mo mọ̀ pé AMD ní ohun tí wọ́n ń pè ní Cool'n'Quiet, torí Athlon àtijọ́ yẹn máa ń bọ́ sí 1 GHz bí mi ò bá lò ó. Mo wá a nínú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) báyìí, mi ò rí i mọ́. Ṣé gbàrọgùdù prósẹ́sọ̀ ni wọ́n tà fún mi ni, àbí bọ́ọ̀dù ló ń ṣe mí? Windows 7 ni mo ń lò.

Ẹlẹ́rọ_Kékeré

Kí o tó tú BIOS palẹ̀, lọ wo Power Options nínú Control Panel ná. Bó bá jẹ́ High performance lo yàn, Windows ti pàṣẹ pé kí prósẹ́sọ̀ má rẹlẹ̀ nìyẹn, torí minimum processor state rẹ̀, 100% ni. Fi sí Balanced, tiẹ̀ jẹ́ 5%. Ó ti ṣe èmi náà rí. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bú bọ́ọ̀dù tí kò ṣẹ̀ mí.

Ìjàpá64

Balanced ló wà láti ọjọ́ tí mo ti fi Windows sí i, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e lọ sí Power saver, mo gbé e padà. 3.4 náà ni.

Atọ́jú_BIOS

Àbúrò, prósẹ́sọ̀ rẹ kò ní àrùn kankan. Ààrò mẹ́ta ló ń gbé ìkòkò yìí dúró, ọ̀kan ló sì yẹ̀ lábẹ́ tìrẹ.

Ààrò kìn-ín-ní ni prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, tó ní agbára láti yí eré àti fọ́ltéèjì padà. Èkejì ni bọ́ọ̀dù. BIOS inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ tábìlì kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin ACPI (àdéhùn bí bọ́ọ̀dù àti Windows ṣe ń jọ darí iná), _PSS ni orúkọ tábìlì náà, òun ló to gbogbo ipele eré tí prósẹ́sọ̀ ní, láti èyí tó ga jù dórí èyí tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni Windows tàbí Linux, tó ń ka tábìlì yẹn, tó sì ń pàṣẹ pé "ó yá, bọ́ sí ìsàlẹ̀" tàbí "ó yá, sáré". Bí BIOS kò bá mọ irú prósẹ́sọ̀ tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù, kò ní tábìlì tó máa kọ fún un. Windows á yọjú síbẹ̀, á bá a lófìfo, á sì fi prósẹ́sọ̀ sílẹ̀ lórí eré tó ti ń sá láti ìgbà tí o ti tan kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí Balanced rẹ kò fi mú nǹkan kan wá.

Ṣí CPU-Z, lọ sí ojú ewé Mainboard, kọ orúkọ bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà revision rẹ̀ àti ọjọ́ BIOS sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù, kí o wá CPU support list. Má kàn wò ó bóyá 965 wà níbẹ̀, wo ẹ̀yà BIOS tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bí prósẹ́sọ̀ bá ti wọ socket, tí kọ̀ǹpútà sì tàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tàn lóòótọ́, àmọ́ àjèjì ni wọ́n ṣì jẹ́ sí ara wọn.

Ìjàpá64

Háà! Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ BIOS mi: oṣù kẹta ọdún 2008. 965 wà nínú ìwé wọn, àmọ́ BIOS ìparí 2009 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Wọ́n tún kọ 125W sí i, pé òpin iná prósẹ́sọ̀ tí bọ́ọ̀dù gbà nìyẹn. Nǹkan kan tún wà tí mi ò sọ: bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ó máa ń kọ "Unknown CPU" sójú ìbòjú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan ni.

Atọ́jú_BIOS

Ó já mọ́ gbogbo rẹ̀! Oṣù kìn-ín-ní 2009 ni Phenom II kọ́kọ́ jáde. BIOS tí wọ́n kọ lóṣù kẹta 2008, níbo ni yóò ti mọ ọmọ tí wọn ò tíì bí?

Ọ̀rọ̀ 125W yẹn náà, má fojú di í. Oríṣi 965 méjì ló wà. Èyí tó kọ́kọ́ dé ní oṣù kẹjọ 2009 jẹ́ 140W. Èyí tó tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà jẹ́ 125W. Wo ibi tí CPU-Z kọ Revision sí: RB-C2 ni ti 140W, RB-C3 ni ti 125W.

Ìjàpá64

RB-C3. Ọlọ́run ló yọ mí.

Oníwáyà

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ 140W yìí, torí ẹlòmíì máa kà á tí tirẹ̀ jẹ́ C2. Àwọn ègé dúdú kéékèèké tó yí socket ká, tí wọ́n máa ń gbóná, àwọn ló ń gba 12 volt láti inú power supply, tí wọ́n ń sọ ọ́ di bíi volt kan àti díẹ̀ tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ. VRM là ń pè wọ́n. Bí olùṣe bọ́ọ̀dù bá sọ pé 125W ni òpin, ohun tí VRM yẹn lè rù láìkú ló ń sọ. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tó tan 140W fún oṣù mélòó kan, tó wá ń dá eré prósẹ́sọ̀ dúró lójijì bí iṣẹ́ bá ti gbóná, ẹni tó ni ín ń pariwo pé kòkòrò wọ Windows òun.

VRM kan náà yìí wà lára ohun tó ń jẹ iná lásán bí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi. Bọ́ọ̀dù tó ní féèsì mẹ́jọ (ẹ̀ka VRM tó ń pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn), bí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń ṣiṣẹ́ láti bọ́ prósẹ́sọ̀ tó ń sùn, òfò ni. Ìdí nìyẹn tí ASUS fi ní EPU, tí Gigabyte sì ní Dynamic Energy Saver: wọ́n ń pa féèsì tí a ò nílò nígbà tí iṣẹ́ bá kéré. Ó yàtọ̀ sí Cool'n'Quiet o. Ti bọ́ọ̀dù nìyẹn, Cool'n'Quiet jẹ́ ti prósẹ́sọ̀. Àwọn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi irú prósẹ́sọ̀ yìí sórí AM2 lásán, tí kì í ṣe AM2+: ó lè tàn bí BIOS bá gbà, àmọ́ AM2+ ló ní ọ̀nà iná méjì, ọ̀kan fún àwọn core (àwọn ọpọlọ inú prósẹ́sọ̀), ọ̀kan fún ẹ̀ka tó ń bá mẹ́mórì sọ̀rọ̀. Lórí AM2, ojú ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń gbà, nítorí náà àwọn core kò lè dá rẹ fọ́ltéèjì tiwọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìfipamọ́ iná tí wàá rí níbẹ̀ kò ní pọ̀ tó ti AM2+.

Penguin_Dúdú

Kí o tó sọ BIOS di tuntun, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ dájú pé BIOS ni. Fi Linux sórí fúláàṣì, fi tan kọ̀ǹpútà náà láìfi sínú díìsì, kí o wá wò ó bóyá fódà yìí wà:

/sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq

Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, bọ́ọ̀dù kò kọ tábìlì. Ka dmesg pẹ̀lú, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Linux ń ṣe bó bá ń tàn. Lórí Linux àtijọ́, díráfà powernow-k8 kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó máa ń sọ fún ọ pé òun kò rí _PSS, pé kí o kọ́kọ́ wo Cool'n'Quiet nínú BIOS, bí ìyẹn kò bá sì ṣiṣẹ́, kí o sọ BIOS di tuntun. Windows kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Á kàn máa wò ọ́.

Ọ̀gá_Géèmù

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ̀ ń wahala. Gbogbo nǹkan tó ń jẹ́ power saving, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń pa nínú BIOS nìyẹn. Ó ń pa géèmù. Ẹni tó ra prósẹ́sọ̀ 3.4, kí ló fẹ́ fi 0.8 GHz tó máa bọ́ sí bó bá ń sinmi ṣe?

Penguin_Dúdú

@Ọ̀gá_Géèmù, ẹ ò parọ́ pátápátá, àmọ́ ìtàn àtijọ́ lẹ gbé wá. Phenom àkọ́kọ́, kì í ṣe Phenom II, jẹ́ kí core kọ̀ọ̀kan máa sá eré tirẹ̀ lọ́tọ̀. Windows Vista á wá máa gbé iṣẹ́ láti orí core kan sórí òmíràn, iṣẹ́ náà á bọ́ sórí core tó ṣì ń tòògbé, gbogbo nǹkan á falẹ̀. Àbùkù gidi nìyẹn, AMD sì tún un ṣe nígbà tí Phenom II dé.

Lónìí, bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀, prósẹ́sọ̀ ti wà lókè. Ibi tí mo ti gbà fún yín ni díìsì SSD: bí ẹ bá ń wọn bó ṣe ń ka fáìlì kéékèèké, ẹ máa rí i pé nọ́ńbà ga díẹ̀ bí C1E àti àwọn C-state (àwọn ipele oorun prósẹ́sọ̀) bá wà ní pípa, torí pé prósẹ́sọ̀ kì í jí ojú kó tó dáhùn. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú lè gbọ́ kí ohùn máa já. Ẹ pa á fún irú iṣẹ́ yẹn. Fún ká máa ka lẹ́tà àti ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dá a sílẹ̀ jàre.

Core2_Arúgbó

Mo fẹ́ fi ìbéèrè tèmi kún un, ẹ má bínú. Core 2 Duo E6600 ni mo ní. Mo ti pa SpeedStep, Cool'n'Quiet ti Intel nìyẹn (wọ́n kọ ọ́ ní EIST nínú BIOS mi), High performance ni mo sì yàn nínú Windows. Síbẹ̀ ó ṣì ń bọ́ láti 2.4 sí 1.6 GHz. Ta ló ń rán an níṣẹ́?

Atọ́jú_BIOS

C1E ni, bàbá. Ọ̀nà méjì ló wà tó lọ sí ibi kan náà. SpeedStep máa ń dúró de àṣẹ Windows, C1E kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí Windows bá ti sọ pé òun kò ní iṣẹ́, prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ á fa multiplier, iye tí a fi ń sọ 266 MHz ìpìlẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, wálẹ̀ láti 9 sí 6, á sì rẹ fọ́ltéèjì. 266 lọ́nà mẹ́fà, 1.6 GHz yín nìyẹn. Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ní nínú BIOS, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ "Enhanced Halt State" ni wọ́n pè é níbẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ fẹ́ pa á? Ẹ fi sílẹ̀.

Core2_Arúgbó

Mi ò fẹ́ pa á. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé mi láìkan ìlẹ̀kùn ni.

Ìjàpá64

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Mo sọ BIOS di tuntun lálẹ́ àná. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè mí. Mo kọ gbogbo ètò àtijọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo lo irinṣẹ́ tó wà nínú BIOS fúnra rẹ̀ láti orí fúláàṣì, mi ò lo ti Windows. "Unknown CPU" ti lọ, orúkọ Phenom ló ń kọ báyìí. Cool'n'Quiet sì ti yọjú sínú BIOS! Mo tan án. CPU-Z: 800 MHz, multiplier 4.

ÀMỌ́ fọ́ltéèjì kò kúrò lójú kan. 1.425 ló dúró sí. Mítà tí mo kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ka 121 wáàtì tẹ́lẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi. Ní báyìí, 113. Ṣé gbogbo làálàá yìí, wáàtì mẹ́jọ péré ni?

Oníwáyà

Ṣé o tún àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé rẹ yẹn kọ sínú BIOS tuntun?

Ìjàpá64

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ti gbé fọ́ltéèjì sókè díẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí mo fẹ́ dán overclock wò, kí prósẹ́sọ̀ lè sáré ju bí wọ́n ṣe tà á lọ, n kò padà ṣe é mọ́.

Oníwáyà

A ti mú olè. Bí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ fọ́ltéèjì sínú BIOS, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, o ti kàn án ní ìṣó nìyẹn. Prósẹ́sọ̀ á máa tọrọ 1.0, bọ́ọ̀dù á ní "ọ̀gá mi sọ pé 1.425". Dá a padà sí Auto.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí fọ́ltéèjì fi ju eré lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ń bá eré rẹ̀ lọ sókè sódò ní ìwọ̀n kan náà, àmọ́ fọ́ltéèjì ní ìlọ́po ara rẹ̀ ni. Bí eré bá dín sí ìdajì, iná dín sí ìdajì. Bí fọ́ltéèjì bá bọ́ láti 1.4 sí 1.0, ìyẹn nìkan ti sọ iná náà di bí ìdajì láìfọwọ́ kan eré.

Ó tún kù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi, àwọn core kò fi bẹ́ẹ̀ ń sáré mọ́, wọ́n ti dúró ní C1, kódà bí CPU-Z bá ń kọ 3.4 síbẹ̀. Nítorí náà, 3.4 ni o, 800 ni o, ẹni tó jókòó ni wọ́n. Ohun tó ń jẹ iná nígbà yẹn ni èyí tó ń jò gba inú àwọn transistor kọjá lásán, bíi ẹ̀rọ omi tí a dé tí omi sì ń kán. Fọ́ltéèjì ló ń ti omi yẹn. O rẹ eré sílẹ̀, o fi fọ́ltéèjì sókè: o dé ẹ̀rọ omi, o ò dín agbára omi inú páìpù kù. Wáàtì mẹ́jọ rẹ yẹn kò yà mí lẹ́nu.

Ẹni tó bá fẹ́ overclock kó sì tún fẹ́ fi iná pamọ́, kó wá Offset tàbí Adaptive nínú BIOS bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ní in. Ìyẹn á fi díẹ̀ kún ohun tí prósẹ́sọ̀ bá tọrọ, kò ní kàn án mọ́lẹ̀.

Ìyá_Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbàgbé ẹnì kan: power supply. Ní 2013, nígbà tí Intel mú Haswell jáde, wọ́n jẹ́ kó máa sùn wọra, C6 àti C7, débi pé prósẹ́sọ̀ lè má fa ju 0.05 ampere lọ lórí ìlà 12 volt rẹ̀. Power supply àtijọ́ kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrù tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Á rò pé kò sẹ́nì kan nílé, á ti ìlẹ̀kùn, á lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe èmi. Kọ̀ǹpútà mi ń ṣe iṣẹ́ ńlá láìkọsẹ̀. Kí n dìde láti lọ ṣe nǹkan mìíràn, kí n padà dé, ó ti kú. Mo pààrọ̀ mẹ́mórì, mo pààrọ̀ díìsì. Nígbà tí mo pa C6 àti C7 nínú BIOS ló dẹ́kun. Nígbà tí mo wá rí power supply tuntun, mo tan wọ́n padà, kò kú mọ́ títí dòní. Ẹ ṣọ́ ọ: kọ̀ǹpútà tó ń kú nígbà tó ń sinmi, tí kì í kú nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fura sí oorun rẹ̀.

Zen_Tuntun

Mama, ẹ ṣeun gan-an! Irú rẹ̀ ló ń ṣe Ryzen mi lórí Linux o. Kì í kú, àmọ́ á gan bí mo bá fi sílẹ̀ lóru. Ìran àkọ́kọ́ ni.

Penguin_Dúdú

Wá "Power Supply Idle Control" nínú BIOS rẹ, yí i sí "Typical Current Idle". Bí kò bá sí níbẹ̀, BIOS rẹ ti pẹ́ jù. Wáàtì díẹ̀ lo máa fi san án, àmọ́ wàá bá a lójúfò láàárọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Linux lò ń lò, ìkìlọ̀ kan: ètò eré prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní "powersave" kò ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Pẹ̀lú díráfà acpi-cpufreq, ó máa so prósẹ́sọ̀ mọ́ eré tó kéré jù, kò ní gòkè mọ́. Pẹ̀lú díráfà intel_pstate, powersave ṣì ń gòkè bí iṣẹ́ bá dé, òun gan-an ló yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lórí rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi orí orúkọ nìkan pa á, tó wá ń ṣàròyé nípa ooru.

Ẹlẹ́rọ_Kékeré

Ṣé àwọn prósẹ́sọ̀ òde òní ṣì nílò gbogbo tábìlì BIOS yìí? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dá ara wọn pàṣẹ.

Penguin_Dúdú

Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Láti Skylake ní 2015, Intel ní Speed Shift: Windows 10 tàbí Linux á sọ ohun tó fẹ́ ní gbogbogbòò, prósẹ́sọ̀ á yan eré fúnra rẹ̀, ó sì yára ju kó máa dúró de Windows lọ. AMD ní CPPC tó jọ ọ́ lórí Zen 2, 2019. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì wà lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Bí CPPC bá wà ní pípa nínú BIOS, díráfà amd_pstate kò ní wọlé, wàá padà sórí acpi-cpufreq.

Oníwáyà

Lórí àwọn ti òde òní, ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń fi iná ṣòfò jù ni òkè, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Core i9-12900K, Intel kọ 125W sí i gẹ́gẹ́ bí iná ìpìlẹ̀ (base power) àti 241W fún èyí tó ga jù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló máa ń ṣí òpin yẹn sílẹ̀ gbayawu láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n lè ga nínú ìdánwò. Ẹ wá PL1 (òpin iná fún iṣẹ́ pípẹ́) àti PL2 (òpin fún ìgbà díẹ̀) nínú BIOS, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ti AMD rọrùn: Ryzen tí wọ́n kọ 105W sí lára lè gba 142W láti inú socket. Eco Mode ti 65W á sọ ọ́ di 88W, eré tó máa dín kò sì tó iná tó máa dín rárá.

Ìjàpá64

Mo padà dé. Auto ni mo fi fọ́ltéèjì sí. Bí ó bá sinmi: 800 MHz, 1.0 volt àti díẹ̀. Mítà: 86 wáàtì! Láti 121. Agbo ilé gbọ́ ariwo mi.

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù nígbà tí ó ṣì ń fò lọ sí 3.4 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àṣé ojú ewé kan tí mo ṣí sílẹ̀ ló ń mú fídíò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi. Mo tì í, ó balẹ̀.

Ìbéèrè kékeré: bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà tán, iná abẹ́ máòsì mi ṣì ń tàn. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ iná?

Atọ́jú_BIOS

Ó ń jẹ díẹ̀. Lórí bọ́ọ̀dù tó bá tuntun ju tìrẹ, wàá rí ìlà kan tí wọ́n kọ ErP sí. Òfin Yúróòpù ló mú un wá: láti 2010, ẹ̀rọ tí a ti pa kò gbọdọ̀ jẹ ju wáàtì kan lọ, láti 2013 ó di ìdajì wáàtì. Bí o bá tan án, USB á kú pátápátá bí kọ̀ǹpútà bá kú, o ò sì ní lè jí i láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Tìrẹ lè má ní in.

Èyí tó máa wúlò fún ọ ni kí o wo ACPI Suspend Type. Bó bá jẹ́ S1, yí i sí S3. Ní S1, ńṣe ni kọ̀ǹpútà kàn di ojú, fáànù sábà máa ń yí lọ. Ní S3, gbogbo nǹkan ló kú àfi mẹ́mórì.

Ìjàpá64

S1 ló wà! Mo ti yí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ohun tó gbé mi wá síbí gan-an, ariwo fáànù. Prósẹ́sọ̀ ti tutù, bí mo bá fọwọ́ kan irin orí rẹ̀ kò gbóná rárá. Fáànù ṣì ń hó bí i ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá_Ẹ̀rọ

Smart Fan ńkọ́? Tàbí orúkọ yòówù tí bọ́ọ̀dù rẹ bá pè é. Kà wáyà fáànù náà pẹ̀lú: bó bá jẹ́ mẹ́ta, tí bọ́ọ̀dù sì ń fi wáyà kẹrin darí fáànù, kò ní gbọ́ràn.

Ìjàpá64

Wáyà mẹ́rin ni. Smart Fan wà ní Disabled, mo sì ti tan án. Ẹ̀yin ará, háàdì díìsì mi ni mo ń gbọ́ báyìí. Mi ò mọ̀ pé ó ń ké tó báyìí láti ọjọ́ yìí wá.